Ọkọ̀ tó fẹ́ sùn mọ́jú n'Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó: Oníbàárà ni, ẹ má jẹ́ kí káńsù lé e lọ

Ẹni tó bá ń ná ọ̀nà Adó-Èkìtì sí Àbújá mọ bí ọ̀nà náà ṣe lọ. Téèyàn bá kúrò l'Adó, yóò dé Ìfàkì, yóò gba Ayégbajú bọ́ sí Ọ̀yẹ́, yóò la Ìtàpá kọjá kó tó wọ Ìkọ̀lé. Láti ibẹ̀ ni yóò ti forí lé Òmùò, tí yóò sì jáde sí Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí. Tírélà kì í tán lójú ọ̀nà yìí. Àwọn kan ń kó sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Obajana, àwọn kan ń kó iṣu, ẹ̀wà àti màlúù bọ̀ láti òkè Ọya, àwọn mìíràn sì ń gbé ọjà Èkó lọ sókè. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo dẹ́rẹ́bà wọn ń wá: ibi tó ní iná, tó ní ẹ̀ṣọ́, tí wọ́n lè páàkì sí, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n sì fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro sùn di àárọ̀.

Létí ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà àti agbèrò lèyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ìrẹsì àti iyán létí títì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lẹ táyà, ẹ̀yin mẹkáníìkì àti rẹwáyà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré tí yàrá rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, ọ̀rọ̀ tiyín gan-an ni. Ọkọ̀ tó bá kàn ń sáré kọjá kì í ra nǹkan kan. Èyí tó bá dúró sùn ló ń náwó. Ọwọ́ tí káńsù bá fi mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa sọ bóyá owó náà máa wọ ìlú yín, tàbí ó máa kọjá lọ sí Kàbà àti Lọ́kọ́ja.

Òru kò ṣeé fi ṣeré mọ́

Nígbà kan, òru ni ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà tírélà fẹ́ràn láti rìn, torí pé títì máa ń dá, oòrùn kò sì ní í mú táyà. Ìyẹn ti yí padà. Lọ́jọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2024, àwọn agbébọn dá àwọn ọba alayé lọ́nà lágbègbè Òkè-Àkó, níjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, wọ́n sì pa méjì nínú wọn, ìyẹn Onímòjò ti Ìmòjò-Èkìtì àti Elésùn ti Èsùn-Èkìtì. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọba, kí ni wọn kò ní í ṣe sí dẹ́rẹ́bà tó dá wà nínú ọkọ̀ tó bà jẹ́ lóru? Òótọ́ ni pé àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 2020, tí Èkìtì sì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kankan kò lè wà lẹ́yìn gbogbo igi tó wà nínú igbó.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ dídúró sùn fi kúrò ní ọ̀rọ̀ ìgbádùn. Ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ n'Ìkọ̀lé, tí kò rí ibi gbé ọkọ̀ sí, ohun méjì ló kù fún un. Ó lè máa bá a lọ sí Òmùò àti Kàbà lóru, kó sì bọ́ sọ́wọ́ ajínigbé. Ó sì lè páàkì sẹ́bàá títì níbi tó ṣókùnkùn, kí ọkọ̀ mìíràn wá kọ lù ú látẹ̀yìn, tàbí kí àwọn olè fa epo inú táǹkì rẹ̀.

Ojú mẹ́ta tí káńsù fi ń wò ó

Téèyàn bá wo bí àwọn káńsù nílẹ̀ Yorùbá ṣe ń ṣe sí ọkọ̀ tó fẹ́ sùn, ojú mẹ́ta ni wọ́n fi ń wò ó. Ojú àkọ́kọ́ ni ojú ìdààmú. Wọ́n á ní tírélà ń ba títì jẹ́, àwọn ọmọ ọkọ̀ ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ síbi tó wù wọ́n, àwọn tó ń ta paraga ń tẹ̀ lé wọn, a kò sì mọ ẹni tó fara pamọ́ sáàárín wọn. Kò sírọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí káńsù bá torí èyí lé gbogbo wọn, bí ẹni lé àkàtà lọ tán tó tún fàbọ̀ bá adìẹ ni. Ọkọ̀ náà kò ní í parẹ́. Yóò kàn sún síwájú díẹ̀, yóò páàkì síbi tí kò síná, ìdọ̀tí rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó máa gbá a.

Ojú kejì ni ojú tíkẹ́ẹ̀tì. Káńsù tó ń fi ojú yìí wo ọkọ̀ kò pèsè nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ọmọkùnrin tó ń na ọwọ́ síta. Tíkẹ́ẹ̀tì tòní yàtọ̀ sí tàná, ti ìlú yìí yàtọ̀ sí tìlú tó tẹ̀ lé e. Dẹ́rẹ́bà a sanwó, kò ní í rí omi, kò ní í rí iná, kò sì ní í mọ ohun tó sanwó lé lórí. Nígbà tó bá tún ń bọ̀, yóò ti jẹun kó tó dé ìlú náà, yóò sì tẹ iná mọ́tò ni. Olóúnjẹ tó ti se ọbẹ̀ sílẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀.

Ojú kẹta ni ojú àlejò. Káńsù tó ń fi ojú yìí wò ó gbà pé èèyàn tí ebi ń pa, tí oorun ń kùn, tó sì ní owó lápò ló dé. Òun ni káńsù tí oníṣòwò ń fẹ́.

Ohun tí òfin wí

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ yìí sókùnkùn. Nínú àfikún kẹrin rẹ̀, níbi tó ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó to ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba sínú ìlà kan náà, ó sì ní kí ìjọba ìbílẹ̀ dá wọn sílẹ̀, kó máa tọ́jú wọn, kó sì máa darí wọn. Ẹ kíyè sí i pé dídá sílẹ̀ àti títọ́jú ló ṣáájú. Ẹni tó ń gbowó ibùdókọ̀ láìtọ́jú ibùdókọ̀ kò tíì ṣe ju ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Òfin kan tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1998 náà to àwọn owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ. Owó ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, owó ìtanràn ẹni tó páàkì síbi tí kò yẹ wà níbẹ̀, owó sọ́ọ̀bù àti kíóòsì náà wà níbẹ̀. Òfin kan náà ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ torí owó gbígbà dènà mọ́ ọkọ̀ lójú títì. Ní ti àwọn tó ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ rántí pé lọ́jọ́ 19, oṣù keje, ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ Èkó pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lórí òtẹ́ẹ̀lì wà. Ìwé òtẹ́ẹ̀lì yín, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ibi tí ọkọ̀ àlejò yín máa sùn, ọ̀rọ̀ káńsù ni.

Àwíjàre pé káńsù kò lówó náà kò tó mọ́. Lọ́jọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa wọ àpò wọn ní tààràtà. Ká tiẹ̀ ní ìdájọ́ náà kò wáyé rárá, páàkì jẹ́ ohun tó lè pa owó ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Ìṣirò àpẹẹrẹ lèyí o, ẹ fi iye tó wà lágbègbè yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ 20 ló ń sùn ní páàkì kan lálẹ́ ọjọ́ kan, dẹ́rẹ́bà kan àti ọmọ ọkọ̀ kan ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn 40 nìyẹn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ná ₦4,000 sórí oúnjẹ alẹ́, omi, wíwẹ̀ àti oúnjẹ àárọ̀, ₦160,000 ló wọ ìlú náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Láàárín òru 25 lóṣù, ó di mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. A kò tíì ka owó táyà, epo, káàdì fóònù àti àtúnṣe mọ́tò.

Bí káńsù bá gba ₦1,000 péré lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ₦20,000 ni lóru kan, ₦500,000 ni lóṣù. Ìyẹn lè san owó ẹ̀ṣọ́ àti ti ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹ wá wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó méjèèjì. Nínú náírà mẹ́sàn-án tí dẹ́rẹ́bà ná, ẹyọ kan ló lọ sí káńsù, mẹ́jọ lọ sọ́wọ́ oníṣòwò. Káńsù tó bá tìtorí ẹyọ kan yẹn lé dẹ́rẹ́bà lọ, owó yín ló lé lọ.

Ẹ̀kọ́ Ògèrè

Gbogbo wa la mọ Ògèrè-Rẹ́mọ, níjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978. Torí pé tírélà ń sùn níbẹ̀, odindi ọjà ló hù síbẹ̀: olóúnjẹ, onítáyà, mẹkáníìkì, alágbàfọ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ lóríṣiríṣi. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń rí ọwọ́ mú lọ sẹ́nu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ pọ̀ ju ààyè lọ, wọ́n tò dé etí títì, ìjàm̀bá ọkọ̀ àti iná táńkà sì ti ba ẹ̀mí àti dúkìá jẹ́ lágbègbè náà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí káńsù kò bá tètè sọ ibi tí ọkọ̀ máa sùn, ọkọ̀ yóò yan ibi tó wù ú fúnra rẹ̀, àtitún un ṣe lẹ́yìn náà á sì wá dogun.

Àwọn mìíràn kò sì sùn. Ó ti pẹ́ tí àjọ Nigerian Shippers' Council ti ń lépa àtikọ́ ibùdó ìsinmi ńlá fún tírélà ní Lọ́kọ́ja àti ní Obollo-Afor, ìpínlẹ̀ Enugu, níbi tí òtẹ́ẹ̀lì, ilé epo, mẹkáníìkì àti ẹ̀ṣọ́ yóò ti wà pọ̀. Dẹ́rẹ́bà tó bá mọ̀ pé ibi dáadáa ń dúró de òun ní Lọ́kọ́ja kò ní í fẹ́ná dúró n'Ìkọ̀lé.

Ti àwọn òyìnbó

Nílẹ̀ Yúróòpù, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọkọ̀ ló yàtọ̀. Àwọn tọkọtaya tó ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀ máa ń ra ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ sí nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní motorhome, wọ́n á sì máa fi í rìn kiri. Ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ní ilẹ̀ Faransé ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn, wọ́n fa omi síbẹ̀, wọ́n sì ṣe ibi tí wọ́n lè da ìdọ̀tí sí, kí àlejò lè ra búrẹ́dì àti ẹran nínú ìlú. Ní Scotland, ọkọ̀ irú èyí pọ̀ débi tí àwọn aráàlú ń kùn. Lọ́dún 2024, ìjọba ìbílẹ̀ Highland níbẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ lè san £40 fún ọjọ́ 7, kó sì máa sùn ní àwọn páàkì rẹ̀ kan. Inú àwọn tó ní ibùdó àgọ́ aládàáni kò dùn sí i, wọ́n ní káńsù fẹ́ gba oníbàárà mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ fi ìyẹn ṣàríkọ́gbọ́n. Kí káńsù tó fi òrùlé lé e, ẹ ti wà níbi ìpàdé.

Kì í ṣe tírélà nìkan

Àríwá Èkìtì ní àlejò mìíràn. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2011 wà l'Ọ̀yẹ́, ó sì ní ọgbà n'Ìkọ̀lé. Àwọn òbí máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn nígbà ìgbàwọlé àti ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà n'Ìdó, èèyàn aláìsàn sì nílò ibi tí yóò sùn. Omi ìdídò Èrò wà ní Ìkún-Èkìtì, níjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà, fún ẹni tó fẹ́ ṣe fàájì. Bí ìsìnkú àti ọdún Kérésì bá dé, bọ́ọ̀sì àlejò a kún ìlú. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ní iná tí tírélà ń lò lóru Mọ́ńdè, bọ́ọ̀sì ẹlẹ́bí lè lò ó lóru Fráídè.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe

Ẹ má dá lọ bá alága káńsù. Kí olóúnjẹ, onítáyà, mẹkáníìkì, olótẹ́ẹ̀lì àti ẹgbẹ́ awakọ̀ lọ pọ̀, kí wọ́n sì mú ìwé dání. Kí wọ́n béèrè fún ilẹ̀ tó kúrò lẹ́bàá títì, tí kò sì jìnnà sí àwọn tó ń tajà. Kí iná, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ dẹ́rẹ́bà sílẹ̀ lálaalẹ́, kí Àmọ̀tẹ́kùn àti ọlọ́pàá sì lè yẹ ìwé náà wò. Kí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ẹyọ kan lóru kan, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà. Kí ọkọ̀ tó gbé epo bẹntiróò ní ibi tirẹ̀, jìnnà sí iná olóúnjẹ.

Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe sọ owó ọbẹ̀ di ìlọ́po méjì torí pé àlejò ni. Dẹ́rẹ́bà a máa bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n rẹ́ jẹ l'Ọ̀yẹ́ lónìí, ó ti dé etígbọ̀ọ́ àwọn tó wà n'Ígànmú lọ́la. Èyí tó sùn, tó jí, tó bá epo rẹ̀ pé, tó sì jẹ iyán gbígbóná kó tó ṣíná sí ọkọ̀, yóò tún yà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sì ní í dá wá.