Májèlé Tí Ó Di Olùkọ́

Àwọn baba wa ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ májèlé kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní MPTP.

Ní ọdún 1982, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn kan gún ara wọn ní abẹ́rẹ́ oògùn olóró tí a pò ní ìkọ̀kọ̀. Kò pẹ́ tí ara wọn fi gan bí igi. Ìrìn di ogun, ọ̀rọ̀ di ìṣòro. Dókítà J. William Langston rí i pé àmì àrùn Parkinson ni èyí, àrùn tí ń mú ọwọ́ àgbàlagbà gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún fi ń wọlé síni lára ni ó dé láàárín ọjọ́ mélòó kan! Nígbà tí a yẹ oògùn náà wò, a bá MPTP nínú rẹ̀. Bí ó bá wọ inú ọpọlọ, a máa di májèlé mìíràn tí ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn wa.

Láti ọdún 1983 ni àwọn onímọ̀ ti ń fi májèlé yìí fa irú àìsàn náà sí ọ̀bọ lára nínú ilé ìwádìí. Ní ọdún 1990, Bergman, Wichmann àti DeLong fi májèlé mìíràn pa ibi kékeré kan nínú ọpọlọ irú ọ̀bọ bẹ́ẹ̀, ara tí ó ti gan sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ní ọdún 1993, ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, Benabid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ki wáyà iná tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ibẹ̀ gan-an nínú ọpọlọ aláìsàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni irú iṣẹ́ abẹ yìí ti ràn lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò wí pé ìwà ìkà ni sí ọ̀bọ. Àwa náà gbà pé ẹ̀mí ẹranko kì í ṣe ohun ìṣeré. Ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níwọ̀n, kí ó sì wà lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí a fi ìyà rà, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a jẹ́ kí ó ṣòfò.

Ìmọ̀ náà sì kàn wá nílé. Paraquat, oògùn tí àgbẹ̀ fi ń pa koríko, jọ ohun tí MPTP ń dà nínú ọpọlọ. Àwọn onímọ̀ sì ń fura sí i. Àjọ NAFDAC kéde pé òun fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Òfin nìkan kò tó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ọ́ létí àwọn ọmọ àgbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bi àwọn tí ẹ dìbò fún bóyá ó ti kúrò lọ́jà. Ẹ̀kọ́ tí ẹlòmíràn ti fi ara rà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwa tún fi ara wa rà á.