Ìdí tí wífíọ́nù olówó ńlá fi ń díjú, àti bí ẹ ṣe lè dènà rẹ̀

Bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí Ojúde Ọba sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹta rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àyè ìjókòó kì í sí mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn onídìrí ní Òjòwò àti káàkiri Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo náà ń ti Àgọ́-Ìwòyè wá. Ẹlòmíràn gbé àtáṣímẹ́ǹtì dání, ẹlòmíràn gbé wífíọ́nù tó fi owó oṣù méjì rà. Kò ní pẹ́ púpọ̀ tí díẹ̀ nínú wọn yóò fi padà wá, tí irun ìpàkọ́ wọn yóò ti lọ́ mọ́ra, tí òòyà kò ní lè kọjá níbẹ̀. Oníbàárà á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Onídìrí á ní kò tọ́jú rẹ̀ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Ara irun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹyọ irun ènìyàn ló ní ìpẹ́ lára bíi ti ẹja, àmọ́ ojú lásán kò lè rí i. Ìpẹ́ yìí gorí ara wọn ní ìpele mẹ́fà sí mẹ́wàá, gbogbo wọn ló sì dojú kọ ṣóńṣó irun. Ẹ fa ẹyọ kan yọ lára wífíọ́nù yín, ẹ fi ìka méjì mú un, kí ẹ wá fa ìka yín láti ìdí lọ sí ṣóńṣó. Yóò yọ̀ láìsí ìdíwọ́. Ẹ tún un ṣe láti ṣóńṣó wá sí ìdí, ẹ ó rí i pé ó ń há díẹ̀díẹ̀ mọ́ ìka. Bí ìdí ẹyọ kan bá wá sùn ti ṣóńṣó èkejì, ìpẹ́ wọn á máa kọ́ ara wọn. Bí orí ti ń mì, tí ọrùn ń làágùn, tí ìrọ̀rí ń fara ra wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa wọnú ara wọn títí wọn yóò fi di ìṣù.

Èyí ló fà á tí ibi tí irun ti wá fi ṣe pàtàkì ju bó ṣe ń dán lọ. Bí wọ́n bá so irun orí ènìyàn kan pọ̀ kí wọ́n tó gé e, tí wọn kò sì jẹ́ kí ìdí àti ṣóńṣó rẹ̀ dàrú, ìpẹ́ rẹ̀ yóò kọjú síbì kan náà. Òun ni àwọn oníṣòwò ń pè ní Remy. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti àwọn tẹ́ńpìlì Íńdíà, pàápàá ti Tirumala ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh, níbi tí àwọn olùjọ́sìn ti ń fá irun wọn fún òrìṣà Venkateswara. Tẹ́ńpìlì náà á wá tà á ní gbàǹjo.

Àmọ́ irun tẹ́ńpìlì kò lè kárí gbogbo ayé. Irun tó bọ́ sínú òòyà, èyí tí wọ́n ń rà nílé-délé ní Íńdíà, Bangladesh àti Myanmar, náà ń wọ ọjà. Àwọn obìnrin ló ń jókòó tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ìdí àti ṣóńṣó rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó bá dé àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà, tí ìlú Xuchang ní Henan jẹ́ ojúkò wọn, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ásíìdì kí ìpẹ́ náà lè ṣí kúrò, wọ́n á sì fi sílíkónì bò ó. Ìyẹn ló ń mú kó dán gbinrin lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, sílíkónì á ṣí, ara irun tó ti bó á hàn síta, wàhálà á sì bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ná ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún náírà sórí irun tí wọ́n ń pè ní bone straight, tó gba ìgboro láti nǹkan bí ọdún 2020, ni ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé èyí fún. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìka yín dán an wò bí mo ti wí. Bí apá méjèèjì bá yọ̀ bákan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé sílíkónì lẹ ń fọwọ́ kàn.

Ti àtáṣímẹ́ǹtì yàtọ̀. Ọ̀rá ni, kò ní ìpẹ́ kankan. Ilé iṣẹ́ Kaneka ní Japan ti ń ṣe Kanekalon, tí a mọ̀ jù nínú wọn, láti ọdún 1957. Ìfirara àti iná mànàmáná tó ń gbára jọ sórí ọ̀rá ló ń mú un díjú, pàápàá nígbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ṣóńṣó ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onídìrí wa fi ń ti ṣóńṣó ìdìrí bọ omi gbígbóná lẹ́yìn tí wọ́n bá dì í tán: ooru ń mú kí ọ̀rá náà rọ̀, bó bá tutù, á dúró bí wọ́n ṣe tò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa, torí àyẹ̀wò tí àjọ Consumer Reports ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2025 lórí irun ọ̀rá mẹ́wàá fi hàn pé kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ wà nínú gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ kò ṣeé fojú fò. Eérú wà nínú ọṣẹ dúdú, awọ ara lè gbà á, àmọ́ ó máa ń mú kí irun wú, kí ìpẹ́ rẹ̀ sì dìde. Ọṣẹ ìfọṣọ náà kò yàtọ̀. Ṣámpù tí kò le ni kí ẹ fi fọ wífíọ́nù. Ẹ na irun náà, kí ẹ máa fi ọwọ́ fà á wá sísàlẹ̀, ẹ má ṣe rún un pọ̀ bí ẹni ń fọ aṣọ. Kọ̀ndíṣọ́nà ló máa ń tẹ ìpẹ́ náà lélẹ̀, nítorí náà ẹ má fò ó. Láti ṣóńṣó ni kí ẹ ti máa yà á, kí ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì di ìdí rẹ̀ mú kí ibi tí wọ́n rán má baà ṣí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ dì í ní méjì láì fún un, kí ẹ fi sátínì wé orí. Bó bá tutù, ẹ má sùn lé e lórí.

Ewu tó tún burú jù wà lẹ́bàá awọ orí. Irun ènìyàn máa ń já bọ́ ní nǹkan bí 50 sí 100 lójúmọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ dirun ni, kò rí ibi bọ́ sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lè tó 2,000 sí 4,000 ẹyọ tó há síbẹ̀. Eruku, òógùn àti ìpara á pò mọ́ ọn, òun ni ìdọ̀tí funfun tí ẹ máa ń rí ní ìdí ìdìrí kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá ń tú u. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé bí wọ́n bá ti tú u tán, orí ti di inú omi. Omi á fún gbogbo rẹ̀ pa, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń pe sísọ́ọ̀sì, tí irun tó gba ọdún méjì kó tó gùn á wá bá a lọ. Ẹ fi òróró tàbí kọ̀ndíṣọ́nà pa ìdọ̀tí náà kó rọ̀, ẹ fi ìka ya ìdí kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kí irun tó ti já lè jáde, kí ẹ tó fi òòyà eléyín gbọọrọ yà á. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí omi tó kàn án.