Ẹyẹ Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ìbàdàn



Lóṣù tó kọjá, mo lọ já ewé fún aláìsàn kan nínú igbó kan nítòsí oko wa ní Olódò. N kò bá igbó mọ́. Katakata ti wó o, wọ́n sì ti pín in sí pulọ́ọ̀tì. Ọjà Bódè ni mo ti lọ fowó ra ohun tí bàbá mi ń já lọ́fẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe ewé nìkan ló ń lọ. Ẹyẹ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ibadan Malimbe, ìbátan ẹ̀gà. Ara rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n orí àti àyà akọ rẹ̀ pọ́n bí ìkó odídẹ. J. H. Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ní 1958. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n láyé, ó sì ti wà lára àwọn ẹyẹ tó fẹ́ pòórá. Ọ̀kan lára ibi tó fara pamọ́ sí ni igbó IITA ní Akínyẹlé, tó tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà. Láti 1967 tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni wọ́n ti fi igi ibẹ̀ sílẹ̀ kó dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ọwọ́ àwa awo náà kò mọ́. A ń ra orí ẹyẹ, a kì í bi ọdẹ pé mélòó ló kù. Bí ẹyẹ bá tán, kí ni a ó fi rúbọ? Ẹ jẹ́ ká máa bi Ifá bóyá yóò gba adìyẹ dípò.

Igbó ẹbí wa ṣì kù díẹ̀ létí odò. Àwọn oníbàárà ti dé. Ní ìpàdé, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹyẹ la fẹ́ máa jẹ ni?"

Mo ní kí a gbin kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sábẹ́ igi ńlá, kí a má dáná sungbó, kí ẹnikẹ́ni má ta kànnàkànnà níbẹ̀. Kòkó fẹ́ràn ìbòòji. Kòkòrò sì ni oúnjẹ ẹyẹ yìí. Wọn kò tíì gbà, wọn kò sì tíì kọ̀.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ bá ẹbí tiyín náà sọ̀rọ̀. Bí kò sí ewé, kò sí òrìṣà.

Àbọyè, àbọṣíṣẹ.