Ajá tó le nìkan kò tó ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù

Bí oníṣòwò bá fẹ́ ra ajá tí yóò máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ó le. Ní Jámánì, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ olájá ti ń ṣe ìdíje Schutzhund láti bí ọdún 1901, líle nìkan kò tó. IGP ni wọ́n ń pè é láti 2019. Máàkì 300 ni: 100 fún títọ ipasẹ̀, 100 fún ìgbọràn, 100 fún ìdáàbòbò. Ajá tí kò bá gba 70 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ti fìdí rẹmi. Níbi ìdáàbòbò, ajá á gé ẹni tó fi nǹkan tó nípọn bo apá jẹ. Bí olówó rẹ̀ bá pàṣẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò fi í sílẹ̀, wọ́n á lé e kúrò. Irú ajá bẹ́ẹ̀, oníbàárà yín ló máa ṣe léṣe. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pè é padà lójú yín.