Títa Iṣẹ́ Ọwọ́ Yín Níbi Àfihàn Ìta Gbangba ní Kaduna: Ìlàlóye fún Oníṣẹ́ Ọnà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Kaduna, tí ẹ ń gbẹ́ igi, tí ẹ ń fín igbá, tí ẹ ń mọ amọ̀, tí ẹ ń pa aró tàbí tí ẹ ń ya àwòrán, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Bóyá Murtala Square ni wọ́n ti fẹ́ pàtẹ ni o, tàbí pápá ìpàtẹ ọjà ní Rigachikun lójú ọ̀nà Zaria, tàbí ọgbà Gamji létí odò, wàhálà oníṣẹ́ ọnà níbẹ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀. Àpéjọ ńlá kò ṣàjèjì sí ìlú yìí. Ibí ni wọ́n ti ṣe Durbar, ìwọ́de ẹlẹ́ṣin, ti àjọ̀dún àṣà FESTAC ní 1977, ibí náà sì ni àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní KABAFEST ti bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Àwọn tó ń wá wo iṣẹ́ níbí lójú ọnà. Ẹ má ṣe rò pé ohunkóhun ni wọ́n á gbà.

Amọ̀ tuntun, amọ̀ àtijọ́

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kó sí ìjàngbọ̀n la fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Abúlé Nok wà ní gúúsù ìpínlẹ̀ Kaduna. Ní 1928, àwọn tó ń wa kùsà tánganran hú ère amọ̀ jáde níbẹ̀. Ní 1943, wọ́n gbé orí ère kan wá láti agbègbè Jema'a fún Bernard Fagg, tó ń ṣèwádìí ohun àtijọ́. Inú oko iṣu ni wọ́n gbé e kọ́ sí tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ. Ohun tó wà lókè igi nínú oko yẹn ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún.

Láti ìgbà náà ni ojú ère Nok ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀: ẹyinjú onígun mẹ́ta tí wọ́n lu ihò sí láàárín, irun tí wọ́n dì lọ́nà àrà. Àwọn amọ̀kòkò wa ń mọ irú rẹ̀ tà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, a tilẹ̀ gbóríyìn fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó burú ni kí èèyàn mọ ère lóṣù tó kọjá, kó rì í mọ́lẹ̀, kó fi èéfín pa á lára, kó wá sọ fún àlejò pé láti inú ilẹ̀ ló ti jáde. Bí irọ́ bá ni, jìbìtì ni. Bí òótọ́ bá sì ni, ó burú ju jìbìtì lọ, nítorí òfin dè é.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1979 lórí mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ka iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ tó níyì nínú ìtàn tàbí ọnà, tí wọ́n sì ti fi ṣe orò tàbí ètùtù rí, ì báà jẹ́ lẹ́yìn 1918. Ẹni tí ìjọba kò fún ní àṣẹ kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣòwò, wọn kò sì gbọdọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ère ìbejì tí ìyá àgbà wẹ̀, tó fi osùn pa lára, tó sì bọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe ọjà àfihàn. Oṣé Ṣàngó tí wọ́n ti gbé jó lójúbọ náà kì í ṣe é. Bí ẹ bá jogún irú rẹ̀, tí ẹ kò mọ ohun tí ẹ ó fi ṣe, ẹ gbé e lọ sí mùsíọ́mù tó wà ní Ali Akilu Road, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó ń dáàbò bo iṣẹ́ tuntun ni orúkọ. Kí amọ̀ tó gbẹ, kí ẹ tó sun ún, ẹ fi ìṣó fín orúkọ yín, ọdún, àti “Kaduna” sí abẹ́ rẹ̀. Ohun tí iná ti sun mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó lè nù ún kúrò. Fún igi, ẹ fi irin gbígbóná kọ ọ́ sí ìdí. Ẹ tún so ìwé pélébé mọ́ ọn, kí ó sọ ohun tí ẹ fi ṣe é, ọdún tí ẹ ṣe é, àti nọ́ńbà fóònù yín. Oníbàárà tó bá fẹ́ gbé ère lọ sí òkè òkun nílò ìwé ìyọ̀ǹda láti mùsíọ́mù, nítorí àwọn aṣọ́bodè lè gba ohun tó bá jọ ti àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ sọ fún un kó tó sanwó, ẹ sì fún un ní risíìtì tí yóò mú dání lọ síbẹ̀.

Owó rẹ̀

Ẹ ṣírò owó ọjọ́ iṣẹ́ yín mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká fi igbá fínfín kan ṣe àpẹẹrẹ: igbá ₦1,500, àwọ̀ àti abẹ ₦500, ìpín tirẹ̀ nínú owó ọkọ̀ àti owó ìsọ̀ ₦1,000, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ní ₦5,000 lójúmọ́. ₦13,000 nìyẹn, bí ẹ bá sì tà á ní ₦8,000, ẹ ti fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ dá ₦16,000 lé e kí àyè ìdúnàádúrà lè wà. Bí ẹnìkan bá bèèrè “Nawa ne?”, tí owó tó wá dá kò tó, “albarka” ni ẹ ó fi dá a lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò ní bínú, ó lè fi kún un.

Bí oníbàárà bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ẹ má wo fóònù tirẹ̀. Àkáǹtì tiyín ni kí ẹ yẹ̀ wò kí iṣẹ́ tó kúrò lórí tábìlì. Ẹ gba risíìtì owó ìsọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùṣètò pẹ̀lú, kí ẹnìkan má baà gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọyẹ́ àti ìjì

Ọyẹ́ máa ń la igi. Igi tí kò gbẹ dáadáa kí ẹ tó gbẹ́ ẹ yóò sán lójú oníbàárà lóṣù Ṣẹrẹ. Ẹ fi epo tàbí ìda pa á lára, kí ẹ má sì fi í sójú oòrùn. Bí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Igbe, ìjì ló ń ṣáájú rẹ̀. Ẹ so àpò iyanrìn mọ́ ẹsẹ̀ kánópì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì gbé ìkòkò sórí ẹní nílẹ̀.

Lẹ́yìn títà

Ẹni tó ra àwòrán yín kò ra ẹ̀tọ́ àtiṣe ẹ̀dà rẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, tiyín ni ẹ̀tọ́ náà títí ẹ ó fi kú, ó sì di ti àwọn àrólé yín fún 70 ọdún lẹ́yìn náà. Òfin yìí tún fún ayàwòrán àti agbẹ́gilére ní ìpín nínú owó nígbà tí ẹlòmíràn bá tún iṣẹ́ wọn tà ní gbàǹjo tàbí lọ́wọ́ oníṣòwò iṣẹ́ ọnà. Yóò ṣòro fún ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ láti bèèrè ìpín yẹn. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò gbogbo iṣẹ́ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí abẹ́ rẹ̀ tí orúkọ wà hàn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó rà á, ọjọ́ àti iye rẹ̀ sínú ìwé kan tí ẹ ó máa tọ́jú.