Náámánì àti Oore tí Owó kò lè Rà

Oore-ọ̀fẹ́ ni àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá ń pe ojú rere Ọlọ́run sí ènìyàn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ náà: oore tí a ṣe fún ni láìgba owó. Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí kò lè pè é. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu tètè pè, ọkàn kì í tètè gbà á, pàápàá ọkàn ẹni tí ó ní ohun ìní lọ́wọ́, tí ó sì ní iyì láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìtàn Náámánì ará Síríà, tí ó wà nínú orí 5 ìwé Àwọn Ọba Kejì, fi èyí hàn kedere.

Ní ohun tí ó ju 800 ọdún lọ kí a tó bí Jésù Olúwa, Náámánì jẹ́ olórí ogun ọba Síríà. Ọba fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ọmọ-ogun ń gbọ́ àṣẹ rẹ̀, ìlú sì ti ti ọwọ́ rẹ̀ rí ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ̀ wà lára rẹ̀. Aṣọ oyè lè bo ara náà, kò lè wò ó sàn.

Ẹni tí ó mọ ọ̀nà ìwòsàn rẹ̀ kì í ṣe oníṣègùn ààfin. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, tí àwọn ará Síríà kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí ó sì ń ṣe ìránṣẹ́ fún aya Náámánì. A kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí a já gbà lọ́wọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀ ìbá máa yọ̀ sí ìyọnu ẹni tí ó kó o. Ṣùgbọ́n ó sọ fún olúwa rẹ̀ obìnrin pé wòlíì kan ń bẹ ní Samáríà tí ó lè wo ọkọ rẹ̀ sàn. Àwọn àgbà a máa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ọ̀rọ̀ ẹrú ni ó gbé balógun dìde.

Náámánì kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ó mú ìwé ọba dání, pẹ̀lú tálẹ́ńtì fàdákà 10, ìwọ̀n wúrà 6,000, àti ìpààrọ̀ aṣọ 10. Ní òṣùwọ̀n òde òní, fàdákà náà nìkan wúwo ju kìlógíráàmù 300 lọ. Lójú rẹ̀, ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́ ni a ń tètè dá lóhùn.

Ó dé ẹnu ọ̀nà Èlíṣà pẹ̀lú ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ogun. Èlíṣà kò jáde. Ó rán ìránṣẹ́ sí i pé kí ó lọ wẹ̀ ní odò Jọ́dánì nígbà 7. Inú bí Náámánì gidigidi. Ó ti rò pé wòlíì yóò jáde wá pàdé òun, yóò ké pe Ọlọ́run rẹ̀, yóò sì na ọwọ́ sí ibi tí àrùn wà. Ó ní bí ti omi bá ni, Abánà àti Fápárì tí ń bẹ ní Dámásíkù tó òun í wẹ̀. Ó sì yí padà.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó bí i nínú. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà ṣòro. Ó rọrùn jù ni. Bí a bá ní kí ó jagun, ìbá jà. Bí a bá ní kí ó san ìlọ́po méjì fàdákà náà, ìbá san án, ìbá sì lè wí lẹ́yìn náà pé agbára òun ni ó wo òun sàn. Ṣùgbọ́n kí ó bọ́ aṣọ oyè sílẹ̀ lójú àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó fi ara àrùn hàn, kí ó sì wọ inú omi tí ọmọ ẹnikẹ́ni lè wọ̀, èyí ni ó ṣòro fún un. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ni ó tún fi sùúrù bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ tiwọn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ri ara rẹ̀ bọ omi nígbà 7, ara rẹ̀ sì dá ṣáká bí ti ọmọ kékeré.

Ó padà wá, ó bẹ Èlíṣà kí ó gba ọrẹ lọ́wọ́ òun. Èlíṣà búra pé òun kì yóò gbà á. Kì í ṣe pé ọrẹ burú: ní orí 4 ìwé kan náà, Èlíṣà gba búrẹ́dì báálì 20 tí ọkùnrin kan mú wá nínú àkọ́so oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba fàdákà Síríà ní ọjọ́ náà, Náámánì ìbá dé ilé wí pé òun ra ìwòsàn ní Samáríà. Géhásì, ìránṣẹ́ wòlíì, kò mọ èyí. Ó sáré tẹ̀lé àlejò náà, ó purọ́, ó gba tálẹ́ńtì 2 àti aṣọ 2. Ó ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀tẹ̀ Náámánì sì di tirẹ̀.

Ó yẹ kí àgbẹ̀ tètè mọ ẹ̀kọ́ yìí. Ó ń kọ ebè, ó ń gbin iṣu, ó ń roko, nítorí ọ̀lẹ kò ní ìkórè. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó fi ọkọ́ fa òjò wá láti ọ̀run. Ẹni tí ó gbé iṣu ńlá wá sí ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ ìkórè, ọpẹ́ ni ó ń dá. Kò san owó òjò, kò sì ra ìjókòó níwájú opó tí ó mú ṣírí àgbàdo méjì wá.

Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a túmọ̀ sí ẹ̀tẹ̀ nínú Bíbélì kó onírúurú àrùn awọ pọ̀. Ẹ̀tẹ̀ tí a mọ̀ lónìí kì í ṣe ègún, kì í sì í ṣe èrè ẹ̀ṣẹ̀. Kòkòrò àrùn tí Hansen ará Norway rí ní 1873 ni ó ń fà á. Láti 1995 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń pèsè oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn aláìsàn; oṣù 6 tàbí 12 ni a fi ń lò ó. Ẹni tí ó bá rí àbàwọ́n lára rẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́, kí ó tètè lọ fi han oníṣègùn ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó fi aṣọ bò ó nítorí iyì rẹ̀, títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi ká, ọ̀nà tí Náámánì fẹ́ gbà padà sílé pẹ̀lú ìbínú ni ó ń tọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọkàn. Odò kò jìnnà, a kò sì béèrè owó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kí olúkúlùkù bọ́ aṣọ oyè rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀.