Láti Kọ̀ntéínà dé Ilé Ìṣọ́ Ìbọn: Àlàyé lórí Ọ̀rọ̀-Ìṣe Márùn-ún



1. Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn máa béèrè nínú ara rẹ̀ pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ irin àti ìbọn. Ìdáhùn mi kò gùn. Iṣẹ́ tiwa ni láti bi ọ̀rọ̀ léèrè ohun tí ó túmọ̀ sí, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bi léèrè lónìí ni 'ìpamọ́'. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn lápátí, ìbọn kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojo. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé a kì í fi 'bóyá' bá ìbọn lò. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìbọn wà lọ́wọ́, ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú nígbà tí a bá gbé e kalẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ibùdó ọlọ́pàá, ti ológun àti ti àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní ilẹ̀ Áfíríkà, kọ̀ntéínà tí ó ti òkun bọ̀ ni a ń sọ di ilé ìṣọ́ ìbọn. Àwọn àjọ bíi MAG àti HALO Trust, tí iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú híhú ohun abúgbàù kúrò nínú ilẹ̀, ti bá ọ̀pọ̀ ìjọba ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ilé tí a fi bíríkì àti kọnkéré kọ́ ń fẹ́ oṣù púpọ̀ àti owó ńlá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo lè gbé kọ̀ntéínà dé ibùdó tí ó jìnnà ní ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n kọ̀ntéínà lásán kì í ṣe ilé ìṣọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún ni èdè wa fún wa láti fi wọn iṣẹ́ náà: pa mọ́, tì, tọ́jú, ṣọ́, àti kà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé díẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́ ni kọ̀ntéínà lè dá ṣe fúnra rẹ̀, àti pé bí a ti ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì ni iṣẹ́ náà ń kúrò lọ́wọ́ irin tí ó ń bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn.

2. Kí ni kọ̀ntéínà?

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ òkun kan tí ó ń jẹ́ Ideal X gbéra láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àpótí irin ńlá 58. Malcom McLean, oníṣòwò tí ó ti ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ni ó ni èrò náà. Ohun tí ó ń lé ni pé kí a má ṣe máa tú ẹrù kí a tún máa dì í ní èbúté. Kí a gbé àpótí tòun ti ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ilẹ̀ sí orí ọkọ̀ òkun. Nígbà tí ó yá, gbogbo ayé fi ẹnu kò sórí ìwọ̀n kan náà. Kékeré tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn gùn tó mítà 6.06, ó fẹ̀ tó mítà 2.44, ó sì ga tó mítà 2.59. Bí ó bá ṣófo, ó wúwo díẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 2 lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a ṣi èyí mú fún kọ̀ntéínà ẹ̀bá títì, níbi tí a ti ń ra ọṣẹ, mílíìkì àti búrẹ́dì. Àwọn wẹ́dà àdúgbò ni ó jó púpọ̀ nínú ìyẹn láti ara páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọn kò fojú kan òkun rí. Síbẹ̀, èyí tí ó ti òkun bọ̀ gan-an kò le tó bí ojú ti ń rí i. Inú òpó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni agbára rẹ̀ wà. Àwọn ni ó ń jẹ́ kí a lè to ọ̀kan lé èkejì nínú ọkọ̀. Irin ara ògiri rẹ̀ kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Píláìwúùdù tí ó nípọn tó mìlímítà 28 ni a fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí ní kúkúrú: a ṣe kọ̀ntéínà kí ó lè rọrùn láti gbé, kí ó sì rọrùn láti ṣí. Ohun tí a ń fẹ́ lára ilé ìṣọ́ ni kí ó ṣòro láti gbé, kí ó sì ṣòro láti ṣí. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ̀kan di èkejì ní láti kọ́kọ́ gba ìwà tí a dá mọ́ àpótí náà kúrò lára rẹ̀.

3. Pa mọ́

Ibi tí a gbé nǹkan sí ni ìpamọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. A kì í gbé ilé ìbọn sí etí ọgbà tí ó kan ọ̀nà, tàbí sí kòtò tí omi ń dá sí. Inú ọgbà lọ́hùn-ún ni àyè rẹ̀, níbi tí ẹni tí ń ṣọ́ ọ ti lè máa rí ìlẹ̀kùn rẹ̀. A ó da kọnkéré tí ó ní ọ̀pá irin nínú, kí ó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. A ó ri pátákó irin mọ́ ọn kí ó tó gbẹ. A ó sì jó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ntéínà mọ́ irin wọ̀nyẹn. Ọkọ̀ tí ó gbé e wá kò ní lè gbé e lọ mọ́.

Àwọn kan wà, pàápàá láàrin àwọn tí ó ní ìbọn nílé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n rò pé ó sàn kí a ri àpótí náà mọ́lẹ̀ pátápátá kí ojú má baà rí i. Wọ́n gbàgbé pé òpó igun ni ó ń ru ẹrù, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀ tí òjò bá rin a máa ti ògiri sínú títí yóò fi tẹ̀. Ọ̀rinrin a sì máa jẹ irin náà láti ẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè kùn ún lọ́dà mọ́. Èyí ti kúrò ní pípamọ́, ó ti di sísin.

Ìpamọ́ tún ń béèrè ìyàsọ́tọ̀. Ìbọn nìkan ni ilé yìí wà fún. Ọta àti ohun abúgbàù ní ilé tiwọn, pẹ̀lú àyè tí ó tó láàrin wọn àti ilé tí ènìyàn ń gbé. Kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ èyí fún ará Èkó. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, ilé ìkó-ohun-ìjà ní bárékè ológun Ìkejà gbiná, ohun abúgbàù sì ń fò lu àdúgbò káàkiri. Àwọn tí ó kú ju 1,000 lọ, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì bá omi lọ ní Òkè-Àfà, níbi tí wọ́n sá gbà nínú òkùnkùn. Kò sí ọ̀tá tí ó gbógun wọ̀lú lọ́jọ́ náà. Ohun tí a kó pamọ́ fún ààbò wọn ni ó pa wọ́n.

4. Tì

Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹnu tí kọ̀ntéínà ní ju ọ̀kan lọ. Èkínní ni ìlẹ̀kùn. Òde ni ọ̀pá tí ó ń dì í wà, òde náà sì ni àgádágodo ń rọ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni lè dúró tì í kí ó sì máa gé e. Nítorí náà, a ó jó àpótí irin kékeré bo àgádágodo náà, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan yóò ṣí sílẹ̀ fún ọwọ́ àti kọ́kọ́rọ́. Íńjìsì tí ìlẹ̀kùn fi ń yí wà níta pẹ̀lú. A ó jó èèkàn irin sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn láti inú, tí yóò máa wọ ihò lára òpó nígbà tí a bá pa á dé. Bí íńjìsì tilẹ̀ lọ, ìlẹ̀kùn yóò dúró sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó fi ìlẹ̀kùn ọlọ́pàá irin kejì sí inú, kí ẹni tí ó bá borí èkínní lè bá iṣẹ́ mìíràn pàdé.

Ẹnu kejì ni ògiri àti ilẹ̀. A ó jó ọ̀pá irin ìkọ́lé ní ìbú àti ní òró sí ẹ̀yìn ògiri láti inú, a ó sì fi irin tí ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ bò ó. A ó tẹ́ irin sórí píláìwúùdù. Àtẹ tí a ń to ìbọn sí, a ó jó o mọ́ ilẹ̀, ẹ̀wọ̀n tàbí ọ̀pá yóò sì gba ihò apátí ìbọn kọ̀ọ̀kan kọjá, kí ó má ṣeé fà yọ ní ẹyọ kan.

Síbẹ̀síbẹ̀, kò sí irin tí irin kò lè gé. Ohun tí a ń fi gbogbo iṣẹ́ yìí rà ni àkókò. Ògiri tí ìbá ya ní ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò wá gba olè ní àkókò gígùn, pẹ̀lú ariwo àti iná tí ń ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn yìí mú, nítorí a ó padà sí i.

5. Tọ́jú

Ohun tí a tì lè bàjẹ́ síbi tí a tì í mọ́. Bí oòrùn bá ti pa kọ̀ntéínà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a gbóná, a sì máa mu ọ̀rinrin. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí irin tutù, ọ̀rinrin náà a lẹ̀ mọ́ àjà, a sì máa kán sílẹ̀ bí òjò. Ìbọn tí irú òjò bẹ́ẹ̀ ń kán sí yóò dógùn-ún, èyí tí ó bá sì dógùn-ún lè ṣe ẹni tí ó dì í mú ní jàǹbá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. A ó gbé òrùlé páànù lé orí kọ̀ntéínà, kí àyè wà láàrin méjèèjì fún afẹ́fẹ́. Òjìji nìkan a máa dín ooru kù púpọ̀. A ó la ojú afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ ní apá kan àti sí òkè ní apá kejì, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gòkè. Ṣùgbọ́n ojú afẹ́fẹ́ ni ẹnu kẹta tí alángbá ń wá. A ó ṣe é ní wíwọ́, pẹ̀lú àwọ̀n irin, tí ó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lè kọjá, ọwọ́ àti ọ̀pá kò ní lè kọjá. A ó kun ara rẹ̀ ní ọ̀dà funfun, a ó máa fi òróró nu ìbọn, a ó sì fi wọ́n jìnnà sí ara ògiri.

Ìtọ́jú kan ṣì kù tí ó jẹ́ ti ènìyàn. Àpótí tí ó kún fún iyanrìn gbọ́dọ̀ wà níta lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni olúkúlùkù yóò ti dojú ìbọn kọ iyanrìn kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ó tó gbé e wọlé.

6. Ṣọ́

Mo ní àkókò ni irin ń rà. Ta ni yóò ná an? Bí olè bá ní gbogbo òru láti fi gé ògiri, yálà ògiri nípọn tàbí kò nípọn, bákan náà ni. Ẹni tí ń ṣọ́, tí ó gbọ́ ariwo, tí ó sì lè ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n dé kí ògiri tó ya, òun nìkan ni ó ń sọ àkókò náà di ààbò. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń yí ilé náà ká pẹ̀lú wáyà, tí a ń tan iná sí i ní òru, tí a sì ń gé koríko àyíká rẹ̀ kúrú kí olè má baà rí ibi lúgọ, kí iná igbó má sì baà dé ibẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Albania ní ọdún 1997. Nígbà tí ìlú dàrú, àwọn ọmọ ogun fi ibùdó wọn sílẹ̀, àwọn ará ìlú sì kó ohun ìjà tí ó ju 500,000 lọ. Kì í ṣe àìsí ògiri ni ó fà á. Ògiri wà, ẹni tí yóò ṣọ́ ọ ni kò sí.

7. Kà

Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Olè tí ó ní kọ́kọ́rọ́ kò nílò ẹ̀rọ ìgérin. Ìdí nìyí tí àgádágodo méjì fi gbọ́dọ̀ wà, tí kọ́kọ́rọ́ wọn kò sì gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Níhìn-ín, ọwọ́ kan kò gbọdọ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ wa 'kà' ní ojú méjì. A ń ka owó, a sì ń ka ìwé. Iṣẹ́ méjèèjì ni ilé ìbọn ń béèrè. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí i lára. Nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó mú un jáde, ọjọ́, wákàtí, àti ìgbà tí ó dá a padà. Ẹni tí ó ka ìbọn 40 tí kò ka nọ́ńbà wọn kò tíì kà; ẹnìkan lè ti fi ògbólógbòó rọ́pò tuntun. Ẹlòmíràn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ni ó yẹ kí ó máa wá fi ìwé wé ìbọn lójijì.

Àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ èyí. Nínú àdéhùn tí àjọ ECOWAS ṣe lórí ohun ìjà kéékèèké ní ọdún 2006, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, wọ́n ka ibi tí ó yẹ, ààbò ilé, ìwé àkọsílẹ̀, ìkọ́ni àwọn òṣìṣẹ́, àti ìjìyà fún àdánù sí ohun tí kò gbọdọ̀ má sí.

8. Ìkádìí

Bí a bá to àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ, a ó rí i pé wẹ́dà ni ó ni 'tì', ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ni 'ṣọ́', òun kọ́ sì ni ó ni 'kà'. Ìjọba tí ó bá ra kọ̀ntéínà, tí ó jó irin mọ́ ọn, tí kò san owó oṣù ẹni tí ń ṣọ́ ọ, tí kò sì ra ìwé àkọsílẹ̀, àpótí olówó ńlá ni ó rà fún olè. Ìbọn kan tí ó bá sì sọnù kì í jẹ àdánù ìjọba nìkan. Ojú ọ̀nà oko ni yóò ti jáde, tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ẹnìkan lóru, ẹni tí a ó sì dojú rẹ̀ kọ kò ní láǹfààní láti béèrè bóyá ó lápátí tàbí kò lápátí.